Iye Tí Wọ́n Ń Ta Ọkùnrin Tó Ń Sọ̀rọ̀

Nígbà tí mò ń wí yìí, ilẹ̀ tó ṣófo kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́ lójú ọ̀nà Ìdí Ìrókò. Ibi tí o bá rí tí wọ́n ń gé igbó lónìí, kò ní pẹ́ tí wàá fi rí páànù ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, tàbí ilé alájà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gbé. Èmi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìyànà Ìyẹsí, níbi tí mo ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí mo sì ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tẹ iṣẹ́ wọn jáde. Mùsùlùmí ni mí, ọmọ Ìwó, àmọ́ mo mọ ètò ìsìn ọjọ́ Àìkú ju ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ lọ, nítorí èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Bí pásítọ̀ kan bá yí àkòrí ìwàásù rẹ̀ padà, etí mi ló kọ́kọ́ ń dé.

Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan ló kó mi sínú ìwé ìfẹ́. Ó gbé fóònù rẹ̀ wá, ó ní kí n bá òun tẹ ìwé kan jáde sórí bébà. Mo wo bí ìwé náà ṣe gùn tó, mo ní, "Àbúrò mi, owó bébà tí màá gbà lọ́wọ́ ẹ máa ju owó ìwé yìí lọ fíìfíì." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojú ń dun òun ni. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́." Mo yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Títí di ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹni tó bá wọlé wá ṣe fọ́tòkọ́pì, mo ń wò ó bí ẹni tó wá dá mi lọ́nà.

Ọdún yẹn kan náà ni oyún bàjẹ́ mọ́ mi lára. Oyún náà ti dàgbà, ó ti ń tàpá. Wọ́n fún mi lóògùn oorun ní ilé ìwòsàn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, nígbà tí mo fi jí, ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti gbé ọmọ náà lọ sin. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìyá kì í mọ ibi tí wọ́n sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí, kì í sì í béèrè. Àwọn obìnrin tó wá kí mi ní Ọlọ́run á fi òmíràn jíǹkí mi, wọ́n ní kí n má ronú. Wọ́n sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, mi ò lè bínú sí wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó jẹ́ kí n sọ gbólóhùn kan parí.

Ọkọ mi ni mo bínú sí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Sàǹgó tí wọ́n ti ń yọ́ irin, ó máa ń ti ibẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú òórùn èéfín lára aṣọ. Ó máa ń kí mi kú ilé, ó máa ń jẹun, ó máa ń béèrè bóyá wọ́n mú iná wá. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Kò sọ pé ó dun òun. Nígbà tí mo kúrò lórí àìsàn, mo wá ṣẹ́ẹ̀tì búlúù kan tí mo rà fún un ní Iléyá, mi ò rí i. Mo bi í, ó ní òun kò mọ̀. Mo lọ bá afọṣọ àdúgbò wa jà pé òun ló sọ ọ́ nù, ọkọ mi dúró síbẹ̀, kò dá sí i. Ojú tí mo fi ń wò ó láti ìgbà náà yí padà. Mo pinnu lọ́kàn ara mi pé, tí ọdún yìí bá parí, màá padà sọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Ìwó.

Ohun tó dá mi dúró ni ìyá rẹ̀. Ìyá ti ń ta ìkòkò àti abọ́ alumíníọ̀mù lọ́jà Òjú Ọrẹ kí wọ́n tó bí mi, àmọ́ ojú rẹ̀ ti ṣú. Dókítà ní àwọn á ṣiṣẹ́ abẹ sí i tó bá yá. Ọkọ mi lọ mú un wá sílé wa ní Ìtẹ̀lé kó má baà já sí gọ́tà. Obìnrin tó ti ń bá ènìyàn ná ọjà láti òwúrọ̀ dé alẹ́ wá jókòó sí fàráńdà wa, kò rí nǹkan wò, kò rí ẹni bá jiyàn. Mo pinnu pé màá dúró títí ojú rẹ̀ á fi là, torí kò sẹ́ni tó máa bu omi fún un tí mo bá lọ.

Ní ọjọ́ kan tí mo ti ṣọ́ọ̀bù dé, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń kàwé lórí fóònù, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu mi.

"Ìyàwó mi, ta ló ń dẹ́rìn-ín pa ẹ́ nínú nǹkan yẹn?"

"Ìwé ni, Ìyá."

"Ìwé kéú?"

"Rárá o, Ìyá. Ìwé ìfẹ́ ni."

Mo rò pé yóò ní kí n lọ ṣe àlùwàlá. Ó ní, "Kà á sókè."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ìwé náà, èmi á wò ó, màá sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe ń bọ̀. Orúkọ àwọn òyìnbó inú rẹ̀ le lẹ́nu mi, nítorí náà mo pa orúkọ tì, mo ń pè wọ́n ní ọkùnrin yìí, obìnrin yìí, àti ìyá ọkọ burúkú. Ìyá fẹ́ràn ìyá ọkọ burúkú gan-an. Ó ní irú wọn pọ̀ ní Òjú Ọrẹ.

Owó ìwé ló kọ́kọ́ dá ìjiyàn sílẹ̀. Ìyá kò mọ bí wọ́n ṣe ń ta ohun tí ènìyàn kò lè dì mú. Ó ní, "Kí ni wọ́n wá fún ẹ dípò owó ẹ?" Mo ṣàlàyé títí. Nígbà tó yé e, ó di ọlọ́jà padà. Mo ti ń rà lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé mẹ́ta nígbà náà, Ìyá sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ.

Àwọn ará Èkó kan wà tó pè ní Oníjíìpù, nítorí kò sí ọkùnrin inú ìwé wọn tí kò ní jíìpù. Ìwé wọn kan kò ju owó búrẹ́dì lọ. O máa fi owó ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹ, ó di tìrẹ nìyẹn, o lè fún ọ̀rẹ́ ẹ. Àmọ́ ìwé náà kò pẹ́ kó tó tán, ìjà tó yẹ kó gba orí mẹ́ta, wọ́n á parí rẹ̀ lójú ewé kan, ìyàwó á sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì lójú ewé tó tẹ̀ lé e. Ìyá máa ń fi ìka kan ìkòkò nígbà tó ń tajà, ó ń fetí gbọ́ bóyá ó nípọn. Ó ní ìwé Oníjíìpù ń dún bí ìkòkò tí wọ́n fi irin díẹ̀ ṣe: ó ń dán, kò ní pẹ́ tẹ̀.

Àwọn kejì ni Onídíẹ̀díẹ̀. Àwọn yìí kì í ta odindi ìwé. Orí kan, orí kan ni, wọ́n á máa yọ owó náà lára kírẹ́díìtì fóònù, kò tó nǹkan, kò ju owó omi inú ọ̀rá kan sí méjì lọ. Ibi tí ilẹ̀kùn bá ti fẹ́ ṣí, tí o fẹ́ mọ ẹni tó ń wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n máa gé e. Ìyá á ní, "San án, san án, kí la fẹ́ fi ṣe?" Àfìgbà tí a parí ìwé kan lọ́wọ́ wọn, tí Ìyá ní kí n ro ohun tí a ti san pọ̀. Ẹnu yà wá. Ìwé tí a rò pé owó rẹ̀ kò tó nǹkan ló wá wọ́n jù lọ. Ìyá ní òun mọ irú wọn, àwọn tó ń ta ṣúgà ní kóró kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí kò ní owó páálí, tí wọ́n sì fi ń kọ́lé.

Àwọn kẹta ni Ará Òkèèrè. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò, tí dọ́là bá ti gbéra, ìwé náà gbéra. Ìgbà mìíràn wà tí báńkì mi máa kọ̀ fún káàdì mi láti san owó ọ̀hún, láìsọ ìdí. Ìwé náà kò sì ṣe é fún ọ̀rẹ́, inú fóònù tèmi nìkan ló ń gbé. Mo rò pé Ìyá máa bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ló yàn láàyò.

"Àwọn ọkùnrin tiwọn máa ń sọ̀rọ̀," ló wí. "Tó bá dùn wọ́n, wọ́n á ní ó dun àwọn. Tí wọ́n bá ṣẹ̀, wọ́n á jókòó síwájú ìyàwó wọn, wọ́n á sọ ọ́. Ohun tí wọ́n ń gbowó lé nìyẹn, ìyàwó mi. Ó tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin, Ìyá, ṣé ẹ ti rí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ rí?"

"Níbo? A ò tọ́ wọn bẹ́ẹ̀ níbí."

Ó rẹ́rìn-ín sí i. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Inú bí mi, torí mo rò lọ́kàn mi pé ìwọ tí o tọ́ ọ̀kan nínú wọn lò ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ará Òkèèrè ní àǹfààní kan tí mo máa ń jẹ dáadáa. Wọ́n máa ń fi ìbẹ̀rẹ̀ ìwé wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí oníbàárà kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Mo máa ń kà á fún Ìyá, tó bá dùn mọ́ ọn, màá ra ìyókù. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ní kí Ìyá máa bọ̀ wá ṣiṣẹ́ abẹ ojú, mo tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Mi ò wo ohun tó dá lé lórí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan ni, ó ń sin ẹṣin ní ìlú tí yìnyín ti ń bọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ pàdánù ọmọ. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ kì í mọ́ bá ọkùnrin yìí nílé, ọ̀dọ̀ àwọn ẹṣin rẹ̀ ló ń lọ. Kì í sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí n pa ìwé náà dé. Mi ò pa á dé. Mo ń kà á, ohùn mi ń gbọ̀n, mo ń díbọ́n pé ikọ́ ni. Ìyá kò bá mi jiyàn lórí ohunkóhun. Kò dárúkọ jíìpù, kò pe ẹnì kankan ní òpònú. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, kí n tó bọ́ bàtà, yóò ní, "Ìyàwó mi, kí ló sọ?" Màá ní, "Kò tíì sọ nǹkan kan, Ìyá."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni a dé ibi tí ọkùnrin náà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tó di ilẹ̀kùn mú, tó la ẹnu. Ibẹ̀ ni ìtọ́wò tán sí. Mo fi káàdì san owó, báńkì kọ̀. Mo tún un ṣe, báńkì kọ̀.

"Ó dákẹ́?" Ìyá béèrè.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Ìyá. Ká fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá dé."

"Rárá o. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ kan ojú mi. Mi ò mọ bí màá ṣe dé. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ."

Mo wo fóònù lọ́wọ́ mi. Ohun tó wà lójú rẹ̀ ni iye owó ìwé àti ibi tí a máa tẹ̀ láti san án. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ní ọkùnrin náà wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Mi ò tíì kí ẹ. Gbogbo ayé ti kí ẹ, èmi nìkan ni mi ò tíì kí ẹ. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé tí mo bá la ẹnu, mi ò ní lè pa á dé mọ́." Mo ní ó na ọwọ́ rẹ̀ tí iná irin ti jó sí ìyàwó rẹ̀. Mo ní ó sọ pé tí òun bá wà níbi iṣẹ́ ṣíìfù àárọ̀, tí gbogbo ẹ̀rọ ń pariwo, ibẹ̀ nìkan ni òun ti lè sunkún, torí kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń jáde lẹ́nu mi bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ síwájú mi lóòótọ́. Mo sọ ọ́ títí omi fi ń bọ́ lójú mi sórí fóònù.

Nígbà tí mo dákẹ́, Ìyá yí ojú sọ́dọ̀ mi.

"Ìyàwó mi," ló wí, "ọkùnrin tó ń sin ẹṣin lánàá, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣíìfù?"

Mo nu omi ojú mi kúrò lórí fóònù.

"Nǹkan ọwọ́ ẹ yẹn máa ń ró tó o bá ṣí ewé. Kò ró láti ìgbà tó o ti sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"Ẹ má bínú, Ìyá."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí?" Ó na ọwọ́, ó ń wá ọwọ́ mi kiri orí ẹní títí ó fi kàn án. "Èmi ni mo ní kó má sọ̀rọ̀."

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa.

"Ọjọ́ tí wọ́n ti ibi ìsìnkú dé, ọkọ ẹ wá bá mi, ó ń sunkún bí ọmọdé. Mo ní kó nu ojú ẹ̀. Mo ní kò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ yẹn létí ẹ, kò gbọdọ̀ sunkún níwájú ẹ, wàá tètè gbàgbé, òmíràn á tètè dé. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi ni mo ní kó ṣe fún ẹ. Méjì lèmi sọ nù kí n tó bí i. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ wọn sí mi létí. Mo rò pé bó ṣe ń kọjá lọ nìyẹn."

"Ṣé ó kọjá lọ, Ìyá?"

"Kò kọjá lọ." Ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa ń da omi. "Kò kọjá lọ rárá."

Inú bí mi sí i, mi ò ní purọ́, ó sì tún ṣe mí láàánú, àwọn méjèèjì jọ wà nínú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ronú nípa ilé àwọn òbí mi ní Ìwó, àti bí mo ṣe fẹ́ fi ọkùnrin kan sílẹ̀ nítorí ìgbọràn. Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì fẹ́ lọ. Mo mọ̀ pé mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó mọ̀.

Ọkọ mi dé kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu géètì, kò jẹ́ kó gbé báàgì sílẹ̀.

"Wọlé lọ bá ìyàwó ẹ sọ̀rọ̀ ọmọ yín. Ohun tí mo ní kó o má sọ, mo ní kó o sọ ọ́."

Ó wo ìyá rẹ̀, ó wò mí. Mo dìde, mo wọ yàrá, ó tẹ̀ lé mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fúláàsì oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń dúró. Kò wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sọ ìkankan nínú àwọn ọ̀rọ̀ dáadáa tí mo ti fi sí ọkùnrin inú ìwé lẹ́nu. Ó dúró pẹ́ débi tí mo fi rò pé a tún ti dé ibi tí wọ́n máa ń gé e.

"Obìnrin ni," ló wí.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, wọ́n sì ti kọ́ mi pé kí n má béèrè.

"Irun orí ẹ̀ pọ̀. Ọwọ́ ẹ̀ gùn bíi tìẹ." Ó gbé fúláàsì sílẹ̀, ó tún gbé e. "A ò mú aṣọ dání nígbà tí wọ́n gbé e fún wa. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Búlúù yẹn. Òun ni mo fi wé e."

Igbe tí mo ké ọjọ́ náà, mi ò mọ̀ pé ó wà nínú mi. Ó jókòó tì mí níkẹyìn, òórùn irin lára rẹ̀, òun náà sì sunkún, láìsí ẹ̀rọ kankan tó ń pariwo bò ó mọ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n sin ín sí, kò sọ ọ́, mi ò sì béèrè. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe fi í sílẹ̀.

Láti fàráńdà ni Ìyá ti béèrè, bó ṣe ń béèrè lójoojúmọ́ tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, "Ìyàwó mi, kí ló sọ?"

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú, ó dìde, ó sì jáde lọ sọ fún un fúnra rẹ̀.